Àgò wáyà fún igi eléso kékeré: ohun tí ẹ máa ń bi mí nípa àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà

Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti rí igi ápù tó ń so lẹ́yìnkùlé mi, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìsọmọlórúkọ, àti lórí fóònù láago mẹ́wàá alẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ṣe é tí àgbọ̀nrín ò fi jẹ tiyín?" Àgò wáyà tí mo ká yí igi kọ̀ọ̀kan ká ni. Mo kó ìdáhùn mi jọ síbí kí ohùn mi lè sinmi. N kò kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀. Igi mẹ́rin ni àgbọ̀nrín jẹ mọ́ mi lọ́wọ́ kí ojú mi tó là.

Ṣé àgbọ̀nrín tí a mọ̀ nílé náà ni èyí?

Orúkọ la yá a. Àgbọ̀nrín tiwa, èyí tí àwọn ọdẹ ń kì nínú ìjàlá, ẹran tó ń dá rìn ni, ó ní àmì funfun tótòtó lára, ìwo akọ rẹ̀ kì í sì í já bọ́ títí ọjọ́ ikú. Èyí tó wà níbí ni wọ́n ń pè ní white-tailed deer. Abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun báláú. Bó bá ti fura, á na ìrù náà sókè, á sì bẹ́ lọ. Akọ ló ń hu ìwo, ìwo ọ̀hún ń já bọ́ lọ́dọọdún láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, òmíràn á sì tún hù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwo yìí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá dá wàhálà sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wúlò jù fún àgbẹ̀ ni pé tilé ń sá fún ènìyàn. Tibí á dúró lẹ́bàá mọ́tò yín, á máa jẹ òdòdó, á sì máa wò yín lójú.

Kí ló dé tí wọ́n fi pọ̀ láàárín ìlú báyìí?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n pọ̀ tó báyìí. Ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn tó ń pa wọ́n tà lọ́jà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n run. Wọn ò tó ìdajì mílíọ̀nù ní gbogbo Amẹ́ríkà mọ́. Ọdún náà gan-an ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Lacey Act, tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé ẹran tí wọ́n pa lọ́nà àìtọ́ kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Àwọn ìpínlẹ̀ náà fi àkókò sí ọdẹ ṣíṣe. Lónìí, nǹkan bí mílíọ̀nù 30 ni wọ́n ń kà wọ́n sí.

Ìkookò tó ń pa wọ́n jẹ ti kúrò lágbègbè wa láti ìgbà pípẹ́. Àwa náà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Àgbọ̀nrín kì í fẹ́ àárín igbó dúdú, kì í sì í fẹ́ gbangba. Ẹtí igbó ló fẹ́, níbi tó ti lè jáde wá jẹun kó sì tún sá wọlé. Àwọn ènìyàn wá la igbó, wọ́n kọ́ ilé sí i, wọ́n gbin koríko àti òdòdó yí i ká, wọ́n fi igbó díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Gbogbo àdúgbò wa di ẹtí igbó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àgbọ̀nrín ló jẹ ẹ́, pé kì í ṣe ehoro?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ̀ka ti já. Àgbọ̀nrín kò ní eyín iwájú lókè. Ìsàlẹ̀ nìkan ló ní, èrìgì líle ló wà lókè. Kò lè gé nǹkan dáńdán. Ńṣe ló máa di ọ̀mùnú mú, á wá fà á já. Nítorí náà ojú ibẹ̀ á rí jákujàku, fọ́nrán èèpo á máa fì níbẹ̀ bí okùn àpò tó ti gbó. Ehoro ní eyín lókè àti nísàlẹ̀. Tirẹ̀ á dá gẹ́rẹ́ bí ẹni fi abẹ gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀.

Gíga ibi tí wọ́n jẹ dé náà ń sọ̀rọ̀. Ehoro kì í sábà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 2, àfi bí yìnyín bá ga nílẹ̀ tó sì dúró lé e lórí. Àgbọ̀nrín ń jẹ dé ẹsẹ̀ bàtà 5, nígbà mìíràn 6. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ ó rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀: awẹ́ obì méjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣóńṣó wọn síwájú. Ìgbẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́, ẹ kò nílò kí n júwe ìyẹn fún yín.

Ìgbà wo gan-an ló yẹ kí n fi àgò sí i?

Ọjọ́ tí ẹ gbin igi náà. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbin tèmi, mo gbin mẹ́rin ní Sátidé kan lóṣù Kẹrin: ápù méjì, písì kan, píà kan. Ó ti rẹ̀ mí, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti fẹ́ ra wáyà sì ti ń palẹ̀ mọ́. Mo ní kò burú, Sátidé tó ń bọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo gbé kọfí jáde, mo rí ọ̀pá mẹ́rin tó dúró nílẹ̀ bí èèkàn tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Gbogbo ọ̀mùnú ti lọ. Píà tún hu ewé lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n padà wá jẹ ìyẹn náà. Igi tí wọ́n ń gbé wá láti ibi ìtọ́jú ọ̀gbìn ti jẹ ajílẹ̀ kánú, ewé rẹ̀ rọ̀ ju ti gbogbo ohun tó wà lágbègbè lọ. Àgbọ̀nrín mọ̀ ọ́n lọ́tọ̀.

Nísinsìnyí, bí wáyà ò bá sí nílé, n kì í ra igi.

Wọ́n ní ọṣẹ àti irun orí máa ń lé wọn. Ṣé a ò kàn lè ṣe ìyẹn?

Ẹni tó sọ fún yín pé irun láti ṣọ́ọ̀bù bábà ń lé àgbọ̀nrín, àgbọ̀nrín èṣí ló ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀. Òórùn ènìyàn ò jẹ́ tuntun sí ẹran tó ń sùn lẹ́yìn ilé ènìyàn.

Ọṣẹ ṣiṣẹ́ díẹ̀, bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ọ̀rá màlúù ṣe, tí ẹ gbé e kọ́ sára ẹ̀ka. Agbára rẹ̀ ò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 3 yíká ibi tó wà. Ẹnìkan bi mí bóyá ọṣẹ dúdú á ṣe é. Epo àti eérú ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, kò sí ọ̀rá màlúù níbẹ̀. Ẹ máa fi ọṣẹ dúdú yín wẹ̀.

Nínú àwọn tí wọ́n ń fọ́n, èyí tí wọ́n fi ẹyin jíjẹrà ṣe ló dára jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó so mọ́ ọn: òjò á fọ̀ ọ́ lọ, ewé tó bá hù lẹ́yìn tí ẹ fọ́n ọn kò ní in lára, ẹ ó tún un fọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, láti oṣù Kẹta títí dé òtútù. Nígbà tí òtútù bá wá mú tán, tí oúnjẹ ò sí nínú igbó, ebi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òórùn. Mo máa ń fọ́n ọn sára òdòdó tó wà níwájú ilé. N kò gbé igi eléso mi lé e lọ́wọ́.

Ṣé kò sàn kí n ṣe ọgbà yí gbogbo ẹ̀yìnkùlé ká lẹ́ẹ̀kan náà?

Bí ẹ bá ní igi ogún, bẹ́ẹ̀ ni. Bó jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́fà, owó yín ni ẹ fẹ́ ná. Àgbọ̀nrín lè fò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 7, wọ́n sì ń sọ pé kí ọgbà tó máa dá a dúró tó 8. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ò ní gbà yín láyè kí ẹ ṣe ọgbà tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Àgò ò nílò gíga yẹn. Àgbọ̀nrín kì í fò sí ibi tóóró tí kò ti rí ọ̀nà àbájáde. Ẹsẹ̀ bàtà 5 tó, kì í ṣe torí pé kò lè fò ó, àmọ́ torí pé ó wo inú rẹ̀, kò rí ibi tó máa fi ẹsẹ̀ lé.

Wáyà wo ni mo máa rà, báwo ló ṣe máa fẹ̀ tó?

Ẹ má ra wáyà adìẹ, èyí tó rọ̀, tí ojú rẹ̀ dà bí afárá oyin. Mo rà á lẹ́yìn tí wọ́n jẹ igi mẹ́rin yẹn, mo rò pé mo gbọ́n. Àgbọ̀nrín kàn fi àyà tì í, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bí ẹní, ó sì jẹun lórí rẹ̀.

Èyí tí ẹ fẹ́ ni wáyà tí wọ́n jó pọ̀, tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 2 sí 4, géèjì 14. Bí ẹ bá rí 12 àti ààbọ̀, ìyẹn tún nípọn jù ú lọ, torí nọ́ńbà tó kéré ló nípọn. Gíga rẹ̀ kí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ló máa ń pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì dín owó. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín, àgbọ̀nrín á na ọrùn lórí rẹ̀.

Fífẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe ahun. Kí àgò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, bó bá tó 5, ó tún dára. Láti mọ iye wáyà tí ẹ máa gé, ẹ sọ fífẹ̀ náà di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ fi díẹ̀ kún un: àgò ẹsẹ̀ bàtà 4 máa gba ẹsẹ̀ bàtà 12 àti ààbọ̀. Róòlù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 50 á fún yín ní àgò mẹ́rin géérégé, kò ní sí ìyókù.

Òpó ńkọ́? Méjì tàbí mẹ́ta fún àgò kan. Òpó irin onígun T, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ni mò ń lò. Irin rọ́ọ̀dù tí àwọn bírìkìlà ń lò náà ṣe é ṣe bí ilẹ̀ yín bá le.

Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ má fo ohunkóhun.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí ẹ sì fi gíláàsì bo ojú. N ò ṣe ẹ̀fẹ̀. Wáyà inú róòlù dà bí ejò tó ká jọ: bí ẹ bá gé e tán tí kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fò padà sí yín. Àpá kan wà létí mi láti ọdún kejì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí koríko, kí ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé orí méjèèjì.

Ibi tí ẹ máa gé e ló ṣe pàtàkì. Ẹ má gé e lẹ́bàá wáyà tó dúró lóòró; ẹ gé e ní àárín ojú, kí ṣóńṣó wáyà tó dùbúlẹ̀ lè yọ jáde ní íǹṣì 2. Àwọn ṣóńṣó yìí ni ìkọ́ yín. Nígbà tí ẹ bá ká wáyà náà róbótó, ẹ máa fi píláyà tẹ ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ kò nílò okùn, ẹ kò nílò wáyà míì. Mo máa ń tẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún péré, mo sì máa ń rántí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n wà, torí ẹ ṣì máa ṣí i lọ́pọ̀ ìgbà: láti ro ìdí igi, láti gé ẹ̀ka, láti mú èso. Àgò tí kò ṣe é ṣí, ẹ ò ní tọ́jú igi inú rẹ̀. Láàárín ọdún méjì koríko á bò ó.

Ẹ gbé e sọ̀ ká igi náà bí ẹni bo adìẹ. Igi kí ó wà láàárín gan-an. Ẹ gbá òpó mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1 àti ààbọ̀ ó kéré tán, ní inú àgò tàbí ní ìta, méjèèjì dára, kí ẹ wá so wáyà mọ́ ọn lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò. Akọ àgbọ̀nrín máa ń ki ìwo bọ abẹ́ àgò tí wọn ò kàn mọ́lẹ̀, á gbé e, á sì fi jó lórí igi náà.

Ṣé mo ní láti gba àṣẹ kí n tó gbá òpó mọ́lẹ̀?

Ẹ pe nọ́ńbà fóònù 811 ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà ní gbogbo Amẹ́ríkà. Wọ́n á rán àwọn ènìyàn wá fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí wáyà iná àti páìpù gáàsì gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀ yín. Òpó irin tí ẹ fi òòlù gbá lé páìpù gáàsì lórí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá ti ápù.

Bí àdúgbò yín bá ní ẹgbẹ́ onílé tó ń ṣòfin, ẹ ka òfin wọn kí ẹ tó fi àgò síwájú ilé. Wáyà tí wọ́n fi rọ́bà dúdú bò kì í hàn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹyọ kan tí mo ní níwájú ilé, ìyàwó mi ló ní kí n fi dúdú ṣe é, ó sì tọ̀nà.

Mo ṣe àgò, wọ́n ṣì jẹ igi mi. Kí ni mo ṣe?

Ó ṣeé ṣe kí àgò yín tóóró. Ẹ̀ka á gba ojú wáyà jáde, àgbọ̀nrín á sì máa jẹ ohun tó yọ jáde bí ẹni ń jẹ súyà lórí igi. Bí igi bá sì ti hun ara rẹ̀ mọ́ wáyà tán, ẹ ò ní lè ṣí àgò mọ́ láìṣẹ́ ẹ̀ka. Méjì ni mo ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti àwọn ẹ̀ka kékeré padà sínú nígbà tí wọ́n ṣì rọ̀, tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ kún wáyà náà, kó fẹ̀ sí i.

Ẹ wo ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìsàlẹ̀ lè di 3 àti ààbọ̀ fún ẹran tó dúró ní apá òkè. Yìnyín tó bá ga nílẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn náà.

Kò sí ewé tí wọ́n jẹ, àmọ́ èèpo igi ti bó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ló fà á?

Oṣù mélòó la wà? Bó bá jẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá, akọ ni. Ìwo rẹ̀ ti gbó, awọ onírun tó bò ó ti ń bó, ó sì ń wá abo. Á wá igi tó dán, tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ ènìyàn lọ, á máa fi ìwo ha á láti fi òórùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn akọ yòókù. Igi ápù ọlọ́dún mẹ́ta bá a mu rẹ́gí. Òru ọjọ́ kan péré tó.

Ìdí tí èyí fi burú ju ewé jíjẹ lọ ni pé èèpo ni oúnjẹ ń gbà láti ara ewé wá sí gbòǹgbò. Bí èèpo bá bó yíká igi, gbòǹgbò á kú sí ebi, àní bí ewé bá ṣì tutù lókè fún oṣù mélòó kan. Nítorí náà ẹ má yọ àgò nígbà tí ewé bá ti wọ́ tán, tí ẹ rò pé kò sí ohun tí wọ́n máa jẹ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ igi nù níbẹ̀.

Ehoro àti eku ńkọ́? Ojú wáyà yìí tóbi fún wọn.

Òótọ́ ni, wọ́n á rìn wọlé láìbẹ̀rẹ̀. Àgò kékeré mìíràn ló ń bá wọn jà: wáyà tí ojú rẹ̀ jẹ́ ìlàjì íǹṣì (tàbí ìdá mẹ́rin íǹṣì bí eku inú koríko bá pọ̀), tí ẹ ká yí ìdí igi ká, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ rì í sínú ilẹ̀ ní íǹṣì 2 sí 3, kí ó sì má fara kan igi.

Èérún igi tí ẹ fi bo ilẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn kúrò lára igi. Àwọn ènìyàn máa ń kó o jọ gègèrè sí ìdí igi bí òkìtì iṣu. Ilé ni wọ́n kọ́ fún eku yẹn, á máa jókòó sínú ooru rẹ̀ lásìkò òtútù, á sì máa jẹ èèpo.

Wọ́n ti jẹ tèmi tán. Ṣé ó ṣì lè yè?

Bó jẹ́ ewé àti ọ̀mùnú nìkan ni, ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì ọ̀gbìn tó mú gé ibi jákujàku náà padà sí ojú ẹ̀hù tó wà láàyè, ẹ bomi rin ín, ẹ fi àgò sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ń padà wá. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti jẹun.

Bí èèpo bá bó ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò tó ìdajì yíká, ẹ gé etí èèpo tó ṣí kúrò kí ojú rẹ̀ dán, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ẹ má fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Bó bá bó yíká, ẹ wo ìdí igi náà: igi eléso tí a rà, lílọ́ ni wọ́n lọ́ ọ sórí gbòǹgbò igi mìíràn. Bí ó bá hù láti ìsàlẹ̀ ojú àlọ́ yẹn, igi tó hù kì í ṣe èyí tí ẹ sanwó rẹ̀. Ẹ fà á tu, kí ẹ gbin òmíràn.

Igi eléso wo ni wọn kì í jẹ?

Ápù, písì, ṣẹ́rì, pọ́lọ́ọ̀mù, gbogbo ìyẹn oúnjẹ ni. Ọ̀pọ̀tọ́ ní oje funfun, wọn kì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu. Èyí tí wọn ò fẹ́ rárá ni pawpaw.

Ẹ dúró ná, kì í ṣe ìbẹ́pẹ. Àwa tá a ti ń pe ìbẹ́pẹ ní pawpaw láti kékeré máa ń ṣìnà níbí. Pawpaw ti Amẹ́ríkà jẹ́ igi igbó tó ń hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín ní Maryland níbí, nínú iboji ẹ̀bá odò. Ìbátan àbo tiwa ni, kì í ṣe ti ìbẹ́pẹ. Èso rẹ̀ rọ̀ bíi kọ́sítáàdì, ó sì ń pọ́n lóṣù Kẹsàn-án. Ewé rẹ̀ korò fún àgbọ̀nrín. Ṣùgbọ́n akọ onìwo ò bèèrè bóyá ewé korò kó tó fi igi ha ìwo, nítorí náà mo fi àgò sí tèmi fún ọdún méjì.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò kàn lè pa á ká fi se ọbẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n máa ń bi mí. Ọdẹ ní àkókò, ó ní ìwé àṣẹ, ó sì ní bí ẹ ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé tó kí ẹ tó yìnbọn tàbí ta ọfà. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹranko ní ìpínlẹ̀ yín ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, mẹ́ta mìíràn á gba ọ̀nà rẹ̀ wá. Ọbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ààbò igi.

Mo gbọ́ pé eégbọn ara wọn ń fa àìsàn. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Ẹ ṣọ́ra. Àìsàn náà ni Lyme, orúkọ ìlú kan ní Connecticut ni wọ́n fi sọ ọ́, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970. Ara eku ni eégbọn ti ń kó kòkòrò rẹ̀, kì í ṣe ara àgbọ̀nrín. Iṣẹ́ àgbọ̀nrín ni láti bọ́ àgbà eégbọn kí wọ́n lè pọ̀ sí i. Àwọn kéékèèké, tí wọn ò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ kékeré lọ, ló ń jẹ ènìyàn jù láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje.

Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀ bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nídìí àgò. Bí ẹ bá wọlé, ẹ yẹ ara yín wò, ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìdí irun orí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ní láti lẹ̀ mọ́ ara ju wákàtí 24 lọ kó tó lè kó àìsàn ranni. Ẹ fi ohun ìfàgún tó tín-ín-rín mú un sún mọ́ awọ, kí ẹ fà á sókè gbọnrangandan. Ẹ má fi iná sí i, ẹ má fi epo kùn ún. Bí ara bá pọ́n róbótó níbẹ̀, tàbí ibà bá mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ fún un pé eégbọn jẹ yín. Àwa máa ń rò pé gbogbo ibà ni ibà ẹ̀fọn.

Bàbá mi gbin máńgòrò sílé, ewúrẹ́ ò jẹ́ kó gbádùn. Ṣé àgò yìí á ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Á ṣiṣẹ́, pẹ̀lú àtúnṣe. Ewúrẹ́ burú ju àgbọ̀nrín lọ ní ọ̀nà kan: á fi ẹsẹ̀ méjì iwájú gun wáyà, á sì fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ tì í. Òpó ni kí bàbá ná owó lé, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n rì wọ́n jinlẹ̀. Bí wáyà bá wọ́n, ọparun tí wọ́n là, tí wọ́n hun bí àgò adìẹ, ṣe é lò fún ọdún kan sí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí wáyà tó dé. Bó bá jẹ́ oko ló wà, tí ọ̀yà ń rìn níbẹ̀, wáyà olójú kékeré kí ó wà nísàlẹ̀. Ti màlúù, òpó onígi ńlá nìkan ló lè dá a dúró.

Ìgbà wo ni mo máa yọ àgò kúrò?

Ó dúró lórí irú igi tí ẹ rà. Igi aràrá, tí wọ́n lọ́ sórí gbòǹgbò tí kì í jẹ́ kó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10, kò ní jáde kúrò lẹ́nu àgbọ̀nrín láéláé. Àgò rẹ̀ títí ayé ni. Èyí ni wọn kì í sọ fún yín níbi tí wọ́n ti ń tà á. Bí ẹ kò bá tíì ra igi, ẹ béèrè gbòǹgbò tí wọ́n lọ́ ọ sí, kí ẹ mú èyí tó ń ga díẹ̀. Ẹ máa gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ bó ti ń dàgbà, títí ẹ̀ka tó kéré jù fi máa wà ní òkè ẹsẹ̀ bàtà 6.

Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, ẹ lè ṣí àgò ńlá. Tèmi gba ọdún mẹ́fà. Kódà nígbà náà, ẹ fi wáyà kékeré sílẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, kí ẹ gbé e ga dé ẹsẹ̀ bàtà 4 lóṣù Kẹjọ, torí akọ onìwo.

Wáyà tó kúrò lára igi ápù àkọ́kọ́ mi ti wà lára písì báyìí. Ó ti dípẹtà díẹ̀ níbi tí ó ti kan ilẹ̀, ìkọ́ méjì ti ṣẹ́, mo fi wáyà tíntín so ibẹ̀.

Ṣé ẹ lè wá bá mi ṣe tèmi?

Mo lè wá. Ẹ ra wáyà yín, ẹ pe 811, ẹ ní ìbọ̀wọ́ méjì nílẹ̀. Àti ọ̀jọ̀jọ̀.